Ìkarahun òkun nínú òkúta Ewékorò: báwo ló ṣe débẹ̀, kí ló dé tí a ò rí irú ẹ̀ n'Ìbàdàn?

Tí ọmọ iléèwé kan bá ti bá wọn lọ ẹskọ́ṣàn sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó wá gbé òkúta kan bọ̀ wálé n'Ìbàdàn, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Wọ́n á yí òkúta náà síwá sẹ́yìn, wọ́n á rí ìkarahun òkun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára gbagidi. Màmá á ní ìkún omi ayé Nóà ni. Bàbá á ní rárá, àwọn ará àtijọ́ ló jẹ ẹran inú ẹ̀ tí wọ́n da ìkarahun nù. Ìyá àgbà á ní ẹdùn àrá ni, kí wọ́n má gbé e wọlé o. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní yunifásítì á ní fọ́sìlì ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé, "ó ti pẹ́ gan-an ni" ló máa sọ, ó parí.

Kí n tètè sọ ìdáhùn ẹ̀ kí ẹni tí ò ráyè kà á dópin lè máa lọ: ibi tí Ewékorò wà lónìí yìí, abẹ́ òkun ni nígbà kan rí. Mi ò sọ pé omi kún débẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sì fà padà o, òkun gidi ni mò ń wí, tí akàn ń rìn nísàlẹ̀ ẹ̀, tí ẹja ń wẹ̀ nínú ẹ̀, láti ìrandíran ẹran dé ìrandíran ẹran, fún mílíọ̀nù ọdún. Àwọn tó ń kú síbẹ̀ ni ìkarahun wọn ń kó jọ, tó wá ń dì, tó di òkúta. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé òkúta ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ìkarahun tó wá ọ̀nà wọ inú ẹ̀. Ìkarahun ló ṣáájú. Ìkarahun àti ẹrẹ̀ ìkarahun ni òkúta ọ̀hún fúnra ẹ̀. Irú àmì ẹ̀dá ayé àtijọ́ tó kù sínú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fọ́sìlì.

Ó dáa, ẹni tó bá ṣì wà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Òkúta tó wà lábẹ́ Mápó, Òkè Àrẹ̀mọ àti Mọ́kọ́lá, àwọn òkè tó tò tẹ̀lé ara wọn láàárín ìlú yẹn, quartzite ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ibi tó tẹ́jú láàárín àwọn òkè yẹn, gneiss ló pọ̀ ńbẹ̀, òkúta alálà dúdú àti funfun tí ẹ máa ń rí tí omi òjò bá ti fọ ilẹ̀ lọ, tàbí níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ṣọ́kàwéè tí wọ́n wá kan òkúta tí oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó míì. Àwọn òkúta yìí dàgbà ju mílíọ̀nù ọdún 540 lọ, àwọn kan nínú wọn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru ti sè wọ́n, ìwúwo ilẹ̀ ti tẹ̀ wọ́n, wọ́n ti lọ́, wọ́n ti ká, kí ilẹ̀ tó wà lórí wọn tó wẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n fi yọjú síta. Quartzite yẹn, yanrìn lásán ni nígbà ayé ẹ̀, ooru àti ìwúwo ló sọ ọ́ di òkúta líle báyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá fọ́sìlì lára òkúta Mápó ń ṣe wàhálà lásán ni. Àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn òkúta yẹn ń dá, ẹranko oníkarahun ò tíì dé ilé ayé rárá. Èkejì, ká ní ó tiẹ̀ wà, ooru yẹn ò ní jẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù. Àlà tó wà lára gneiss sì máa ń tan àwọn èèyàn, wọ́n á ní ṣebí ìpele ìpele lòun náà jẹ́, ṣebí omi ló tò ó bẹ́ẹ̀. Omi kọ́ o. Ìgbà tí ooru ń sè é tí ilẹ̀ ń fún un ni àwọn èròjà dúdú inú ẹ̀ lọ sí ọ̀tọ̀, àwọn funfun lọ sí ọ̀tọ̀. Ohun míì tó tún máa ń da èèyàn láàmú n'Ìbàdàn ni òkúta tó là sí méjì tí ẹ wá rí nǹkan dúdú tó yọ ẹ̀ka wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ẹ̀ bí ewé. Ó rẹwà gan-an, mo ti rí ẹni tó fẹ́ búra pé ewé ni. Omi tó ní mangáníìsì, èròjà inú ilẹ̀ kan, nínú ló wọ inú ibi tó sán, tó gbẹ síbẹ̀, ewé kankan ò débẹ̀ rí.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ rélùwéè ní Moníyà. Ẹ kọjá Omi-Àdìó, ẹ dé Abẹ́òkúta, gbogbo ẹ̀ náà ṣì ni òkúta àtijọ́ yẹn, Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lábẹ́ yẹn, gíráńáìtì ni, mọ̀lẹ́bí tiwa ni. Ṣùgbọ́n tí rélùwéè bá ti kúrò l'Abẹ́òkúta tó dorí kọ Papalántó, ilẹ̀ ti yí padà lábẹ́ yín tí ẹ ò mọ̀. Òkúta líle yẹn ò tán o, ó kàn ti rì lọ sísàlẹ̀ ni, yanrìn, amọ̀ àti láìmísítóònù, ìyẹn òkúta ìkarahun tí mò ń sọ yẹn, ló wá gun orí ẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń súnmọ́ òkun sí i bẹ́ẹ̀ ni nǹkan tó gùn ún lórí ń nípọn sí i. Ewékorò wà ní agbègbè yẹn, láàárín Papalántó sí Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀ dé etí òkun l'Ékòó, tí ẹyẹ bá fò ó tààrà, á tó 50 kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí ìkarahun òkun níbẹ̀ fi ń ya èèyàn lẹ́nu.

Agbègbè tí ilẹ̀ ti rì yìí, tí àwọn ìpele yẹn wá kún inú ẹ̀, orúkọ tí àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, ń pè é ni Dahomey Basin. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó wọ ilẹ̀ wa dé ọ̀nà Òkìtìpupa. Tí ẹ bá wá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "Ewékorò Formation", ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Àwọn ìpele òkúta kan tó jọra, tó tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n lè tọ ipa ẹ̀ lọ láti ìlú dé ìlú kí wọ́n yà á sórí máàpù, òun ni wọ́n ń pè ní formation, wọ́n á wá fi ìlú tí wọ́n ti rí i kedere jù sọ ọ́ lórúkọ. Torí ẹ̀ ni òkúta tó wà ní Ṣágámù náà fi lè jẹ́ Ewékorò Formation, tí kò sì sí ìjà láàárín Rẹ́mọ àti Ẹ̀gbá lórí ẹ̀.

Báwo ni òkun wá ṣe débẹ̀? Ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀kan ni wọ́n láyé ìgbà kan, Brazil lẹ̀ mọ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 100 báyìí, etí ibi tó ya náà ń rì, odò ń kó yanrìn dà sínú ẹ̀, omi òkun sì ń wọlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Yanrìn àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní Abẹ́òkúta Group, inú apá kan nínú ẹ̀ ni bítúmẹ́ẹ̀nì tó wà lọ́nà Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, èyí tí ìjọba kan lọ ìjọba kan bọ̀ ti ń ṣèlérí lé lórí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn dáínósọ̀ kú tán ní mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Ewékorò Formation wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn yẹn ti lọ, ní ìgbà tí wọ́n ń pè ní Paleocene, tó wà láàárín mílíọ̀nù ọdún 66 sí 56 sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wá egungun dáínósọ̀ lọ sí Ewékorò.

Ayé gbóná nígbà yẹn ju báyìí lọ. Yìnyín ńlá tó bo ìkángun ayé lápá òkè àti nísàlẹ̀ lónìí ò sí, omi tó yẹ kó dì síbẹ̀ inú òkun ló wà, òkun wá ga, ó bo ilẹ̀ tó rẹlẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ṣẹlẹ̀ o. Ṣókótó tí gbogbo wa mọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ nítòsí aṣálẹ̀, òkun dé ọ̀hún náà ní ìgbà Paleocene kan náà, apá àríwá ni omi tiwọn gbà wọlé, láìmísítóònù Kalambaina tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀ sì ní àwọn ẹran òkun tirẹ̀ nínú. Ẹni tó bá gbọ́ ti Ṣókótó, ti Ewékorò ò yẹ kó ya á lẹ́nu mọ́.

Òkun Ewékorò yẹn ò jìn. Omi ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mọ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹrẹ̀ tí odò ń kó wá síbẹ̀ sì kéré. Irú omi bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹran oníkarahun fẹ́ràn, ibẹ̀ sì kún fọ́fọ́. Ìgbín òkun oríṣiríṣi wà, àwọn oníkarahun méjì tó ń pa dé tó ń ṣí náà wà, akàn wà, iyùn òkun wà, ẹran roboto ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní sea urchin wà. Nautilus náà wà ńbẹ̀, ẹran tí ìkarahun ẹ̀ ká kó tí wọ́n pín inú ẹ̀ sí yàrá yàrá, àwọn ẹbí ẹ̀ ṣì wà láàyè di bí mo ṣe ń tẹ èyí, ní òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún. Ẹja shark wà, eyín ẹ̀ nìkan ni wọ́n sì sábà máa ń rí, torí egungun shark ò le, kíá ló ń jẹrà, eyín ẹ̀ ló le, ẹja kan á sì pààrọ̀ eyín lọ́pọ̀ ìgbà kó tó kú. Ewéko inú omi tó ń ṣe ẹfun sára, algae, náà pọ̀ gan-an, òun gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé omi ò jìn, torí kò lè hù níbi tí oòrùn ò dé.

Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá kú, ẹran ara á jẹrà, ìkarahun á kù. Òmíràn á wà lódindi, òmíràn á fọ́ wẹ́wẹ́, òmíràn á lọ̀ kúnná bí ẹlùbọ́. Òmíràn á tún bọ́ lé e. Bí wọ́n ṣe ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ń fún pọ̀, omi tó ń gba àárín wọn kọjá á yọ́ díẹ̀ lára ìkarahun kan, á lọ kó o jọ sínú àlàfo tó wà láàárín méjì míì, ohun tó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pò ó, kò sẹ́ni tó dà á. Àsìkò ni gbogbo ẹ̀.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ mú un dání kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Àwọ̀ ẹ̀ funfun mọ́ eérú, òmíràn á pọ́n díẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ yín níka. Ẹ fi ìṣó ha á, á ha, ẹ lọ fi ìṣó kan náà ha òkúta quartzite ti Ìbàdàn, ìṣó lẹ máa bà jẹ́. Ẹ wá yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ lè rí ihò kan tó lọ́ wọnú ẹ̀, tó fẹ̀ lẹ́nu, tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ara ihò náà sì ní ilà wínníwínní tẹ́ ẹ lè fi èékánná kà. Ìgbín òkun ló wà nínú ihò yẹn tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ti ń wá: ìkarahun ọ̀hún dà? Ta ló yọ ọ́?

Omi ló yọ́ ọ. Ìkarahun àwọn ìgbín kan, irú èròjà tó tètè ń yọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ó yọ́ tán lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ tó yí i ká ti le, àwòrán ẹ̀ ló kù lára òkúta. Ẹ wo ẹ̀kọ tẹ́ ẹ bá ṣí ewé kúrò lára ẹ̀: ẹ ti ju ewé nù, síbẹ̀ ìṣàn ara ewé náà wà lára ẹ̀kọ pérépéré, ẹni tó bá mọ ewé dáadáa lè sọ pé eéran ni tàbí gbòdògì, kò dìgbà tó bá rí ewé fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ihò yẹn ṣe rí. Nígbà míì, ẹrẹ̀ míì á tún wọ inú ihò náà á dì síbẹ̀, nǹkan tó yọ jáde á rí bí ìgbín gan-an, inú ẹ̀ sì jẹ́ òkúta látòkè délẹ̀. Ihò yẹn o, odindi òkúta yẹn o, ìkarahun tó ṣì wà bó ṣe wà o, fọ́sìlì ni gbogbo ẹ̀.

Ní kúárì Ewékorò, àwọn tó wọn láìmísítóònù yìí sọ pé ó nípọn tó mítà 11 sí 12. Kò sì rí bákan náà látòkè délẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní yanrìn nínú, ìyẹn ni pé etí òkun ò jìnnà nígbà yẹn, yanrìn ṣì ń ráyè dé ibẹ̀. Ìkarahun wá gba ipò lókè ẹ̀. Lókè ìyẹn ni algae ti pọ̀. Tó bá wá dé òkè pátápátá, láwọn ibì kan, ẹ máa rí òkúta tó pọ́n tó ní fọ́sífééètì, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, nínú. Lẹ́yìn náà ni shale, amọ̀ tó ti dì di òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní Akinbo Formation, bò ó, ìsàlẹ̀ shale yẹn ní ìlà kan tí glauconite fún ní àwọ̀ ewé, glauconite sì rèé, inú òkun ló ti ń ṣẹ̀dá, níbi tí nǹkan kì í ti tètè dà sílẹ̀. Lókè shale yẹn náà ìpele ṣì ń lọ, títí kan Òṣòṣùn Formation tó ní fọ́sífééètì. Ẹ máa lọ sí Tógò nínú basin kan náà, ẹ máa rí i tí wọ́n ń wa fọ́sífééètì ní Hahotoé àti Kpogamé, wọ́n sì ti rí eyín shark àti egungun àbùùbùtán ayé àtijọ́ níbẹ̀.

Àwọn wo ló wá jókòó ṣe gbogbo kíkà yìí? Jones àti Hockey kọ ìwádìí nípa ilẹ̀ apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn wa fún Geological Survey of Nigeria, ó jáde ní 1964, ọ̀pọ̀ orúkọ tí à ń pè lónìí ti wà nínú ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè ní Ifẹ̀ wá kọ ìwádìí tó kún rẹ́rẹ́ lórí àwọn fọ́sìlì Ewékorò gan-an, ó jáde ní 1977. Ọmọ Yorùbá ló jókòó ti ìkarahun yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan tó ń ṣàpèjúwe wọn, inú mi máa ń dùn sí i, mi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi í dárúkọ ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa ní iléèwé.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mílíọ̀nù ọdún 60 ni, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́fà? Ọ̀pọ̀ rò pé carbon dating, ìyẹn kíka ọjọ́ orí nǹkan láti ara carbon tó kù nínú ẹ̀, ni wọ́n lò, wọ́n á wá sọ pé carbon dating máa ń parọ́. Wọn ò lò ó rárá o, kò tiẹ̀ wúlò fún irú nǹkan yìí, torí tí nǹkan bá ti ju nǹkan bí 50,000 ọdún lọ, carbon tí wọ́n fi ń kà á ti tán nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n lò ni foraminifera, àwọn ẹ̀dá kékeré inú òkun tí ọ̀pọ̀ wọn kéré ju hóró yanrìn lọ, tí wọ́n sì ní ìkarahun tiwọn. Irú kan á yọjú sáyé, á tàn ká gbogbo òkun, á sì pa rẹ́, òmíràn á dé. Láwọn ibòmíràn láyé, òkúta tó ní irú àwọn wọ̀nyí nínú wà nítòsí ìpele eérú òkè ayọnáyèéfín, ìyẹn sì ní àwọn èròjà tí wọ́n lè fi ka ọdún ẹ̀. Tí irú kan náà bá wá yọjú ní Ewékorò, wọ́n ti mọ ẹgbẹ́ tó wà. Èyí tí ò ṣeé fojú lásán rí yẹn wúlò fún iṣẹ́ yìí ju eyín shark tí gbogbo èèyàn fẹ́ fi ya fọ́tò lọ, àwọn tó ń wa epo náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń lù jáde nínú ilẹ̀.

Ti Nóà wá kù. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé òkúta yìí ò jọ iṣẹ́ ìkún omi. Omi tó bá ya wọ ìlú, gbogbo wa tó wà n'Ìbàdàn nígbà tí Ògùnpa ya ní 1980 tàbí tí wọ́n sọ ọ́ fún mọ ohun tó máa ń kó: igi, ẹrẹ̀, ewúrẹ́, páànù, gbogbo ẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra. Ewékorò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran òkun tó mọ omi gbígbóná tí ò jìn ló wà ńbẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ní àwọn tirẹ̀, kò sí ewúrẹ́, kò sí èèyàn, iyùn òkun tó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà sì wà lára wọn. Omi ọjọ́ díẹ̀ ò lè tọ́ iyùn dàgbà.

Ti bàbá tó ní àwọn ará àtijọ́ ló jẹ ẹ́ dànù, òun náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí àwọn tó ń gbé etí omi máa ń kó ìkarahun jọ lóòótọ́, ó sì lè di òkìtì. Ṣùgbọ́n inú erùpẹ̀ ni ẹ ti máa bá irú ìyẹn, pẹ̀lú èédú àti àpáàdì ìkòkò, ẹ lè fọwọ́ ṣà á. Kò ní sí láàárín òkúta. Ẹdùn àrá ní tirẹ̀, mi ò ní bá àwọn Oníṣàngó fa ọ̀rọ̀ ilé wọn, ṣùgbọ́n òkúta dídán tó mú lẹ́nu bí àáké ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn èèyàn ló lọ̀ ọ́ tí wọ́n fi ṣe àáké kí irin tó gbòde. Kò sí ìkarahun lára ẹ̀, kò jọ ti Ewékorò rárá.

Òkúta yìí kan náà ló kọ́ ilé wa o. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ti Ṣágámù dé ní 1978, ti Íbèṣè náà wà báyìí. Wọ́n á fọ́ láìmísítóònù, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tàbí shale, wọ́n á sun ún dé nǹkan bí 1,450 digíríì, nǹkan tó bá jáde ni wọ́n á lọ̀ pẹ̀lú gypsum díẹ̀. Nítorí náà, ìkarahun mílíọ̀nù ọdún 60 wà lára ògiri yín, ó kàn ti jó di nǹkan míì ni. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kúárì ló jẹ́ ká rí àwọn fọ́sìlì yẹn, kúárì náà ló sì ń lọ̀ wọ́n. Tí wọn ò bá gbẹ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé wọ́n wà, tí wọ́n bá sì gbẹ́ ẹ tí kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀, ó di sìmẹ́ńtì. Ní tèmi o, yàrá kan ṣoṣo nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n to àwọn tó dáa jù sí, pẹ̀lú ẹni tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀, kò yẹ kó le jù fún ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí iléeṣẹ́.

Ẹni tó bá ní òkúta kan nílé tí kò dá a lójú, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i lára níbì kan tí ò hàn síta, kí ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó ha ibẹ̀ díẹ̀ kí ìyẹ̀fun yọ. Tó bá ru, tó ń yọ ìfòfò kéékèèké, calcium carbonate wà nínú ẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín. Ìbàdàn ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu, ìkarahun inú oríkì yẹn, ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí òun náà, á ru. Gneiss àti quartzite ò ní dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kọ́ńkéré, òun náà máa ń ru. Mo ti rí i tí wọ́n gbé "fọ́sìlì" kan wá, ìkarahun ìgbín lásán tó jábọ́ sínú sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà dà sílẹ̀ ni, a rí ojú síbí lára ẹ̀. Ẹ wo bóyá yanrìn ṣápù àti gíráńáìtì wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀, tó bá wà, iṣẹ́ bíríkìlà ni.

Tó bá jẹ́ fọ́sìlì lóòótọ́, ẹ má fi nǹkan bẹ́ ẹ yọ kúrò lára òkúta, ẹ má fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kẹ́ ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ìpele tó ti wá sí i lára. Ẹ lè gbé e lọ sí ẹ̀ka jiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI), wọ́n mọ̀ ọ́n wò níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó fẹ́ kó ọmọ lọ wo kúárì, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n fún yín ní ọjọ́, kí wọ́n sì fún àwọn ọmọ ní àṣíborí. Ẹ má gba ẹ̀yìn wọlé o, dáínámáìtì ni wọ́n fi ń fọ́ òkúta níbẹ̀.